Ta Ni "Wọ́n" Tó Ti Mú Un?

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Oníbàárà mi kan ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wá gba ìró àti bùbá tí mo rán fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádó. Ọmọọṣẹ́ mi ń lọ aṣọ náà lọ́wọ́, èmi àti obìnrin yìí sì ń sọ̀rọ̀ ìlú. Mo bi í pé nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wa bá dé, èyí tí a fi ń mú ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀, ta ló máa tò sẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ó ní káàdì. Ó tiẹ̀ ti wọ ẹgbẹ́ náà ṣáájú mi. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, ó ní: "Ìyá Bọ́lá, ìdìbò wo? Ṣebí wọ́n ti mú un."

Ó sanwó, ó gbé ọ̀rá aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a lọ. Mo ń gé aṣọ, ó ń sọ sí mi lọ́kàn. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ń sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti mú un. Ta ni wọ́n? Ìgbà wo ni wọ́n mú un? Ibo ni èmi àti obìnrin yìí wà nígbà tí wọ́n ń mú un, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ àwa méjèèjì wà nínú ìwé ẹgbẹ́?

Èdè wa ló fún ọ̀rọ̀ náà láyè. Bí adìyẹ bá sọnù, a ó ní wọ́n jí i, nítorí a ò mọ olè. Bí ẹnì kan bá béèrè ibi tí a ti wá sáyé, a ó ní Ìjerò ni wọ́n bí wa sí, a ò ní dárúkọ ìyá tó rọbí. "Wọ́n" máa ń bo ojú ẹni tó ṣe nǹkan. Kò burú nínú ọ̀rọ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú bá fi sọ̀rọ̀ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fà kalẹ̀, ó ti fi ẹni tó yàn án pamọ́, ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó lè yàn án.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo ẹni tó ní káàdì ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà l'Ékìtì.

Oṣù kìíní ni ọ̀nà ti pín

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2022. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún náà la dìbò gómìnà. Orúkọ 989,224 ló wà nínú ìwé àjọ INEC fún Èkìtì, Biodun Oyebanji ti ẹgbẹ́ APC ló sì wọlé pẹ̀lú ìbò 187,057.

Ṣùgbọ́n kó tó di oṣù kẹfà, oṣù kìíní ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ PDP, àwọn tí a máa ń pè ní dẹ́lígéètì, pé jọ láti dìbò. Bisi Kolawole gba 671. Segun Oni, tó ti ṣe gómìnà rí, gba 330. Segun Oni kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ó gba inú SDP lọ. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, ẹni tí àwọn aṣojú fún ní 330 gba 82,211 lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ẹni tí wọ́n fún ní 671 sì gba 67,457. Mi ò sọ pé ẹgbẹ́ náà ì bá wọlé ká ní ẹlòmíràn ni wọ́n fà kalẹ̀. Bí a bá pa ìbò àwọn méjèèjì pọ̀, kò tó ti ẹni tó wọlé. Ohun tí mo ń wò ni pé ohun tó hàn sí àwọn ènìyàn díẹ̀ tó pé jọ lọ́jọ́ kan yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó hàn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà níta. Nínú àwọn tó wà níta yẹn, mélòó ló ní káàdì ẹgbẹ́ nílé?

Ẹgbẹ́ APC gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 27, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní wọ́ọ̀dù 177 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ìbò tí wọ́n sì kéde fún Oyebanji jẹ́ 101,703. Àwọn kan lára àwọn tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ní àwọn ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mi ò ní tú ìyẹn wò níbí. Ẹ kàn fi wé ọdún mẹ́rin ṣáájú. Ní 2018, ènìyàn 33 ló ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ kan náà. Ìdìbò àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, tú ká. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 11, àwọn aṣojú ló dìbò, Kayode Fayemi gba 941, Segun Oni gba 481. Láti 941 sí 101,703 nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ̀nà tó fún tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ báyìí, tí ọmọ ẹgbẹ́ kò sì gbà á, ta ló kù tó máa rìn níbẹ̀?

Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ ọ́ lédè Èkìtì pé "ulé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde". Òde ni ìdìbò oṣù kẹfà. Ẹ̀ṣọ́ tí a kò bá mú nílé, a ò lè bá a lóde.

Ọjọ́ tí Màmá ní kí wọ́n kà á síta

Ìlú kékeré kan lágbègbè Ìjerò ni mo ti gba káàdì ẹgbẹ́, kì í ṣe Adó tí mo ń gbé. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń yẹ ìdìbò abẹ́lé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe owó ọkọ̀, á jẹ́ iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́, á jẹ́ aṣọ ẹbí òkú tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a fẹ́ mú ẹni tó máa bá wa du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Aṣòfin 26 ló ń jókòó níbẹ̀, ẹyọ kan péré ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló pè mí. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, iṣu ló ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?"

"Màmá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ kì í tán. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo wọ ọkọ̀ ní ìdájí, a gba Ìyìn, a gba Ìgẹ̀dẹ̀, a dé Arámọkọ, a yà sọ́nà Ìjerò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá ka ìbò kò dé títí aago kan ọ̀sán fi kọjá.

Màmá ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá láti ilé. Ó fi ọ̀rá wé káàdì rẹ̀, ó dì í sí etí ìró bí ẹni di owó. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó tú u wò kí a tó tò. Fọ́tò orí rẹ̀ ti ń ṣí ní igun kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ sì ti ń parẹ́ níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń bà. Bó bá ti wò ó tán, á tún fi ọ̀rá wé e, á tún dì í.

Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọkùnrin bí ogún jókòó, àwọn kan ń ta ayò, àwọn tó kù ń wò wọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan láàárín wọn, ẹni tó kọ́ mi níwèé nínú ọgbà yẹn gan-an. Ó súre fún mi, ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹ kàn ń da ara yín láàmú. Wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ wá." Mi ò fèsì. Kì í ṣe àgbà tí mo lè bá jiyàn.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ dé, òjò ti ṣú. Ènìyàn méjì ló ń wá tíkẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n gbé fọ́tò àwọn méjèèjì lé àwọn aṣojú wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Màmá gbé àpótí rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọ̀kan. Èmi lọ sẹ́yìn ìkejì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi ní ìlà tí mo wà, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń kà. Ó mú bírò àti ìwé dání, ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ti Màmá, ó ń na ìka, ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò tíì dé ìparí ìlà tó fi kọ nǹkan sínú ìwé, ó yíjú sí ìlà tiwa.

Màmá dìde lórí àpótí.

"Ọmọ mi, kí lo kọ?"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. A ti kà á."

"Ìwọ lo kà á. Àwa ò gbọ́."

Àwọn kan ní kí Màmá fi í sílẹ̀, òjò ń bọ̀. Kò fi í sílẹ̀, kò sì pariwo. Ohun tó sọ nìyí, mo sì gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí: "Iṣu ni mò ń tà. Bí mo bá ń ka iṣu fún ẹni tó wá rà á, ẹnu tèmi àti ẹnu tirẹ̀ la jọ fi ń kà á. Bí mo bá dá a kà, á ní mo jí tòun. Kà wá síta, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ tó dúró ti ọkọ̀. Ọ̀gá náà mi orí. Ó padà síwájú ìlà, ó fọwọ́ kan èjìká ẹni àkọ́kọ́, ó ní, "Ení." Ohùn mẹ́ta mẹ́rin gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ení!" Ó ní, "Èjì," gbogbo ìlà méjèèjì dá a lóhùn. Nígbà tó fi dé ẹ̀wá, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́yìn kíláàsì ti sá wá, àwọn náà ń kà. Ó dé ogún, ó dé ọgbọ̀n, a ń kà. Àwọn tó ń ta ayò dìde. Mélòó kan nínú wọn yára wá síbi ìlà, wọ́n fẹ́ tò. Wọ́n dá wọn dúró pé kíka ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé mọ́. Bàbá tó kọ́ mi níwèé wà lára wọn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò wá. Ojú rẹ̀ ni mi ò tíì gbàgbé nínú gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ìlà Màmá jẹ́ 51. Ìlà tiwa jẹ́ 64. Mo súnmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà nígbà tó ń kọ ọ́, mo sì rí i tó fi bírò pa ohun kan rẹ́ kó tó kọ 51. Mi ò ráyè rí ohun tó ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ebi ń pa á, tó sì ń sá fún òjò. Mi ò ní fi ẹ̀sùn tí mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kàn án. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nọ́ńbà tó ti ọgbà yẹn jáde, ẹnu gbogbo wa ló wà níbẹ̀.

Lálẹ́, Màmá gún iyán. Bí a ti ń jẹun, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹni tiwa ló borí." Ó wò mí. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ojú mi ló ṣe. Wọ́n ka tèmi."

Ẹni tó wà níbẹ̀

Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí mo rò ni pé ìbò mi jẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan kò sì lè yí nǹkan padà. Bí ẹ bá bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, màá ní nítorí Màmá ni mo ṣe wá. Ṣùgbọ́n ìbò Màmá kò mú ẹni tó fẹ́ wọlé. Ohun tó ṣe ju ìyẹn lọ ni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, èmi tí ẹni mi borí gan-an kì bá mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló borí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó tò sórí ìlà ti fi ìbò rẹ̀ ṣe ọ̀kan, ó sì ti fi ojú rẹ̀ ṣe ọ̀kan. Ibi tí ojú kò bá sí, bírò lè kọ ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pàdé obìnrin kan láti wọ́ọ̀dù mìíràn ní ọjà Ìjerò. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni kò jáde, síbẹ̀ nọ́ńbà jáde. Mo bi í bóyá òun lọ wo ọgbà ibi ìdìbò. Ó ní rárá, òun gbọ́ ni. Nítorí náà, òun kò lè sọ pé irọ́ ni nọ́ńbà náà, kò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Èmi náà ò lè sọ. Bó ṣe máa wà títí láé nìyẹn, nítorí kò sí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí.

Kí a má sì rò pé ilé ẹjọ́ á wá bá wa ṣe é lẹ́yìn náà. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí wọ́n ń lò kí ti 2026 tó dé, fàyè gba ẹni tó bá wọn du tíkẹ́ẹ̀tì láti gba Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lọ bí ẹgbẹ́ bá tẹ òfin tàbí ìlànà ara rẹ̀ lójú. Kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún èmi tí mo kàn ní káàdì. Ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé nìkan ni tèmi. Bó bá ti kọjá, ó ti kọjá.

Tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń ní, "Ẹgbẹ́ tiwa kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dìbò, aṣojú ni wọ́n ń lò." Òótọ́ ni pé òfin 2022 yẹn ka ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Òfin 2026 tó rọ́pò rẹ̀ ti yọ ti aṣojú kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lò ó pàápàá, aṣojú kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti máa ń mú un, ní kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tí àwa tí à ń sọ pé "wọ́n ti mú un" kì í lọ. Ìfẹnukò pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀ nínú òfin náà. Gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tó sì ń wá tíkẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda fún ẹni kan náà. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, kò sí ìfẹnukò mọ́, ìdìbò ló kù. Nítorí náà, nígbà tí alága wọ́ọ̀dù bá ní "àwọn àgbà ti fẹnu kò", ìbéèrè tó tọ́ kí a fi pẹ̀lẹ́tù bi í ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gbogbo wọn ti fọwọ́ sí ìwé?"

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ta ló ń gbé Èkìtì tí kò tíì gbọ́ "dìbò kóo sebẹ̀"? Mo mọ̀ pé ebi ń pa ènìyàn. Mo mọ ìyá tó gba owó náà tó sì fi ra gààrí fún ọmọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mi ò sì lè pè é ní ènìyàn burúkú. Ohun tó ń dùn mí ni pé níbi ìdìbò abẹ́lé ni owó yìí ti ń rọrùn jù lọ láti ná, nítorí àwọn tó máa gbà á kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìlà ènìyàn 30 lè rà á. Bí ìlà bá di 300, apá rẹ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a mọ́. Bí a bá pọ̀ níbẹ̀, àwa tí kò gba owó á dáàbò bo àwọn tó gbà á.

Ìjà tó ti inú ilé bẹ̀rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo bi Màmá ìdí tó fi mú ọ̀rọ̀ kíka ìbò síta yẹn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ọdún 1983 fún mi.

Abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà. Ọdún 1996 la tó dá dúró. Michael Ajasin ni gómìnà, Akin Omoboriowo, ọmọ Ìjerò wa, sì ni igbákejì rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ UPN. Àwọn méjèèjì fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ajasin ló gbà á níbi ìdìbò abẹ́lé lọ́dún 1982, Omoboriowo kò sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó kọjá sínú NPN. Nígbà tí ìdìbò dé lóṣù kẹjọ 1983, wọ́n kéde Omoboriowo pé ó wọlé, ìpínlẹ̀ gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajasin. Kí ọdún náà tó parí, ológun ti gba ìjọba.

Màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ ta ló jàre. Ohun tó rántí ni pé iṣu jẹrà mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí ọkọ̀ kò lè rìn, àti pé ọ̀rẹ́ òun kan kò padà sílé rẹ̀ l'Ákùúrẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ní, "Inú ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ jà. Àwa tí a wà níta la gbọgbẹ́." Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn lóru. Mi ò sọ pé ìdìbò abẹ́lé tó mọ́ ì bá ti dá gbogbo iná yẹn dúró. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rọrùn láti bá ẹni tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀ bí gbogbo ìlú bá fi etí ara wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ka ìbò náà. Mo rí i lójú Màmá lálẹ́ ọjọ́ tí 64 borí 51.

Ìwé ìwọ̀n

Obìnrin tó sọ pé wọ́n ti mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ kí n fún bùbá náà níhà. Mo sọ ìtàn Màmá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí mo ti ń tú aṣọ náà. Kò dá mi lóhùn kíákíá. Ó wá ní wọ́ọ̀dù òun wà ní Ìlawẹ̀, òun ò sì mọ̀ bóyá orúkọ òun ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ níbẹ̀, ó ti pẹ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa béèrè nìyẹn, ó sì yẹ kí a tètè béèrè rẹ̀. Òfin ní kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àjọ INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí níbẹ̀ kò lè dìbò, bó ti wù kí káàdì rẹ̀ pẹ́ tó. Ẹni tó bá dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò kó tó wá orúkọ rẹ̀ ti pẹ́. A pe akọ̀wé wọ́ọ̀dù wọn lórí fóònù níṣojú mi. Ó ní kó wá ní Sátidé kó mú fọ́tò pélébé méjì dání.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, lábẹ́ ti àwọn mẹ́wàá mìíràn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí gbólóhùn yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kọ wọ́ọ̀dù kálukú síwájú orúkọ rẹ̀: Ìlawẹ̀, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́, Ìdó, àwọn méjì láti Ẹ̀fọ̀n, àwọn tó kù láti Adó níbí. Kì í ṣe ẹni kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ tò sẹ́yìn ẹ̀. Àwọn mẹ́ta nínú wọn tiẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni kí wọ́n dé ibẹ̀, kí wọ́n má sì kúrò kí wọ́n tó kà á tán.

Bàbá tó kọ́ mi níwèé ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Màmá pé kí n kọ tòun náà sí i. Mo kọ ọ́ sí òkè pátápátá. Màmá sì ní bí mo bá ń bọ̀ nílé, kí n bá òun mú ọ̀rá tuntun tó nípọn dání, nítorí èyí tí òun fi ń wé káàdì ti ya ní ìdí.